Offset: bí a ṣe ń kọ ọ́ kí ó má baà ṣi ẹni tó ń kà á lọ́nà

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í tẹ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan báyìí, offset, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Gáráàjì Ọ̀fà, Ìlọrin. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbé ìròyìn ọdún wá, ó wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ owó ilé-ìwé, ó kọ ọ́. Owó ọsibítù wọ ẹbí aláìsàn lọ́rùn, wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ gbé lọ bá onínúure. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé “san” ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kí n tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára àwọn tí mi ò lè gbójú fò, nítorí mo ti rí ibi tó ti kó ọmọ ọlọ́mọ sí ìyọnu.

Ọmọ Òmù-Àrán kan ni. Ó rí ilé-ìwé sí ìlú Ọba, ó ti san díẹ̀ nínú owó yàrá tó máa gbé, ó wá kọ̀wé sí wọn pé: “I will offset the balance when I arrive.” Ohun tó ní lọ́kàn ni pé òun yóò san èyí tó kù tí òun bá dé. Ọ́fíìsì tó ń rí sí yàrá dá a lóhùn: kí ló fẹ́ fi yọ nínú owó náà? Ṣé wọ́n jẹ ẹ́ lówó kan tẹ́lẹ̀ ni? Wọ́n ní àwọn ò ní fọwọ́ sí yàrá náà títí yóò fi ṣàlàyé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìwé ń lọ, tó ń bọ̀. Nígbà tó fi tìjàyà-tìjàyà gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ma, kí ni mo kọ tí kò dáa?” Mo ní, “Ọmọ mi, ‘san’ lo fẹ́ sọ, ‘yọ’ ni wọ́n kà.” A pa offset rẹ́, a kọ pay síbẹ̀. Ó gba yàrá rẹ̀.

Ohun tí mo ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, pẹ̀lú àwọn nǹkan mìíràn tí mo ti rí nínú lẹ́tà àwọn èèyàn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe

Ẹ wo ọlọ́kadà tó ń gbé èédú bọ̀ láti oko. Ó so àpò kan mọ́ apá ọ̀tún, ọ̀kadà ń tẹ̀ sí ọ̀tún. Tí kò bá so nǹkan mìíràn tó wúwo mọ́ apá òsì, yóò ṣubú kí ó tó jáde sí títì. Ó wá so kẹ́ẹ̀gì omi méjì mọ́ ọn lósì, ọ̀kadà dúró dáadáa. Àpò èédú ṣì wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbé e kúrò, ìwúwo rẹ̀ kò sì dín. Ohun tí omi ṣe ni pé kò jẹ́ kí èédú rí ọ̀kadà fà ṣubú. Iṣẹ́ tí offset ń ṣe nìyẹn. Nǹkan méjì ló wà, wọ́n dojú kọ ara wọn, agbára ọ̀kan sì ń dín agbára èkejì kù.

San yàtọ̀ sí i. Mo jẹ yín ní ₦10,000, mo kà á fún yín, gbèsè tán. Ìyẹn dà bí ẹni gbé àpò èédú sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

Àwọn ìyá wa nínú ọjà mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Ká ní aláta kan ní Ìpátà jẹ ẹlẹ́ran ní ₦6,000. Lọ́jọ́ kejì, ẹlẹ́ran ra ata ₦4,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kankan ò ní na owó sí ẹnì kejì. Ẹlẹ́ran á kàn ní, “Ẹ jẹ́ ká fi yọ nínú tọwọ́ yín,” ó sì ku ₦2,000. Ìyọ yẹn gan-an, ká fi owó kan yọ òmíràn, ni Òyìnbó ń pè ní “to offset one against the other”. Ẹni tó bá mọ “fi yọ” ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ìdajì kejì ni ti ọ̀kadà, níbi tí gbèsè kò sí rárá, tí a kàn ń sọ pé ohun kan kò jẹ́ kí ohun mìíràn ṣe ìpalára tó yẹ kó ṣe.

Ẹ fa ìlà sí àárín bébà

Kí ẹ tó kọ offset, ẹ mú bébà, ẹ fa ìlà sí i láàárín. Sí apá òsì, ẹ kọ ohun tó ń fà: ọjà tó wọ́n, èlé, àdánù, ìdádúró. Sí apá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tó dojú kọ ọ́. Tí apá kan bá ṣófo, ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn tí mo máa ń rí jù dán an wò: “I need ₦80,000 to offset my school fees.” Sí òsì, owó ilé-ìwé. Sí ọ̀tún ńkọ́? Ẹlòmíràn á ní ₦80,000 náà ni. Àmọ́ owó ilé-ìwé kan náà ni, tí ẹ fẹ́ kà fún ilé-ìwé. Kò dojú kọ nǹkan kan. Ẹ kọ “to pay my school fees”, kò sí ẹni tí kò ní gbọ́ yín.

Ẹ wá wo èyí: “The bursary will offset part of the increase in fees.” Ilé-ìwé fi owó kún owó, ó wà lósì. Ìrànlọ́wọ́ dé láti ibòmíràn, ó wà lọ́tùn-ún. Owó tí wọ́n fi kún un kò lọ, ṣùgbọ́n kò ní dun akẹ́kọ̀ọ́ tó bó ṣe yẹ kó dùn ún. Offset wà ní àyè rẹ̀ níbẹ̀.

Ibì kan wà tó ṣòro díẹ̀, tí mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Àwọn Òyìnbó fúnra wọn máa ń kọ “to offset the cost”. Bí àpẹẹrẹ: “Selling the manure helps to offset the cost of feeding the cows.” Onímàlúù ń ná owó oúnjẹ, ó ń rí owó ìgbẹ́ màlúù. Èyí tó ń wọlé ń dín ìrora èyí tó ń jáde kù. Nǹkan méjì ni, ó sì tọ̀nà. Nítorí náà, kì í ṣe pé owó kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí offset. Ohun tí kò tọ̀nà ni ká fi ọ̀rọ̀ náà dípò kí ẹni tó jẹ gbèsè ka owó fún ẹni tó ni owó náà. “I have offset the bill” kò bára mu lójú wọn. “I have paid the bill” ni, tàbí “settled”, tàbí “cleared”. Fún gbèsè tí a fi díẹ̀díẹ̀ san tán, “paid off” dára.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, “Àǹtí, gbogbo Nàìjíríà ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.” Òótọ́ ni. Ìwé ìròyìn wa kún fún ìjọba tó fẹ́ “offset” owó oṣù tí wọ́n jẹ òṣìṣẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ ọ́, agbẹjọ́rò ń kọ ọ́, a sì ń gbọ́ ara wa yé. Tí ẹ bá kọ ọ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ní Òró tàbí Igbájà, kò ní ṣì yín gbọ́. Èmi kì í pe ẹni tó ń lò ó báyẹn ní aláìmọ̀wé. Síbẹ̀, mo máa ń yí i padà nínú gbogbo lẹ́tà tí mo bá tẹ̀, kódà èyí tí kò ní kọjá Ọ̀fà, nítorí ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ọwọ́ tí ìwé rẹ̀ yóò bọ́ sí lọ́la. Pay kò sì ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà rí.

Èwo ló ṣe é, èwo ni wọ́n ṣe é sí?

Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń yí ìtumọ̀ padà pátápátá, tí ẹni tó kọ ọ́ ò sì ní mọ̀. Nínú “X offsets Y”, X ni ohun tó dé láti gba agbára Y. Y ni ohun tó ti wà níbẹ̀, tó ń fà. Kẹ́ẹ̀gì omi ni X, àpò èédú ni Y.

Ẹ rántí pé ní oṣù keje 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà kúrò ní ₦30,000, ó di ₦70,000. Ká ní ẹ fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìròyìn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ ka gbólóhùn méjì yìí:

“The new wage offset the rise in food prices.”

“The rise in food prices offset the new wage.”

Ọ̀rọ̀ kan náà ló kún inú méjèèjì. Èkíní sọ pé oúnjẹ wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tuntun gbà á mọ́ra, òṣìṣẹ́ mí kanlẹ̀. Èkejì sọ pé owó tuntun dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n oúnjẹ gbé e mì, òṣìṣẹ́ padà sí ibi tó wà. Ẹni tó ń ṣojú òṣìṣẹ́ tó bá kọ èkíní nígbà tó fẹ́ sọ èkejì ti bá ìjọba sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ẹnu rẹ̀ ló sì fi sọ ọ́.

Ẹ ó rí i pé X kò ní kí ó jẹ́ ohun rere dandan. Ohun burúkú lè gba agbára ohun rere. Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn tó bá gbé iṣẹ́ wá ni, “Ta ló wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ta ló wọlé bá a?” Ẹni tó wọlé bá a ni kí ẹ kọ síwájú offset. Tí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó wà nílẹ̀ ṣíwájú nínú gbólóhùn, ẹ lo by: “The new wage was offset by the rise in food prices.” By ló ń mú ẹni tó wọlé wá.

Báwo ló ṣe tó?

Offset nìkan kò sọ bóyá ó tó tàbí kò tó. Kẹ́ẹ̀gì omi kan lè wà lósì, ọ̀kadà á ṣì tẹ̀ díẹ̀. Akọ̀wé tó bá fẹ́ kí ìwé rẹ̀ yé ẹni tó ń kà á gbọ́dọ̀ sọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ yá ₦200,000, èlé rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦20,000. Ní òpin ọdún, ẹgbẹ́ pín èrè.

Tí ìpín yín bá jẹ́ ₦12,000, ó gba apá kan nínú èlé, ₦8,000 ló kù tí ẹ óò fi ọwọ́ ara yín san. Ẹ kọ: “My dividend partly offset the interest.”

Tí ó bá jẹ́ ₦20,000 géérégé, wọ́n bára dọ́gba: “My dividend fully offset the interest.”

Tí ó bá jẹ́ ₦26,000, ó borí rẹ̀, ₦6,000 ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́: “My dividend more than offset the interest.”

Ibi tí more than ń jókòó sí ṣe pàtàkì. Iwájú offset ni. Mo ti rí “offset more than the interest” nínú ìròyìn akápò kan. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé ìpín náà gba èlé, ó tún gba nǹkan mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ni nǹkan mìíràn ọ̀hún. Ìpàdé ọjọ́ náà pẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń tẹ̀ lé e

A ti sọ ti by lókè. Ó ku against, òun ló sì le jù, nítorí pé ó ń yí ipò padà. Nínú “X offsets Y”, ohun tó ń fà ló tẹ̀ lé offset. Nínú “offset X against Y”, ohun tí a fẹ́ fi yọ ló tẹ̀ lé e, ohun tí a ó yọ ọ́ nínú rẹ̀ wá tẹ̀ lé against. “The treasurer offset my dividend against the interest.” Akápò mú ìpín èrè mi, ó fi yọ nínú èlé. Èèyàn ló ń ṣe iṣẹ́ náà, bí ẹlẹ́ran àti aláta ṣe ṣe é.

Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣirò owó fi fẹ́ràn against. Ẹ̀yin tó ń gba kọ́ńtírákítì ní ìjọba ìbílẹ̀ mọ owó orí tí wọ́n máa ń yọ kí wọ́n tó san owó iṣẹ́ fún yín, èyí tí wọ́n ń pè ní withholding tax. Ìwé tí wọ́n fún yín lórí rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù, nítorí pé owó tí wọ́n ti yọ yẹn ṣe é fi yọ nínú owó orí tí ẹ óò san lópin ọdún. Tí ẹ bá ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì owó orí, gbólóhùn náà ni: “Please offset the tax already deducted against the amount now due.” Ó mọ́, ó pé, wọn ò sì ní ní kí ẹ padà wá ṣàlàyé.

With náà ṣe é lò nígbà tí èèyàn bá fúnra rẹ̀ wá ohun tí yóò fi gba agbára òmíràn: “She offset the loss on tomatoes with a small profit on pepper.” For kì í tẹ̀ lé e. “Offset for the loss” jẹ́ àpapọ̀ offset àti compensate for, wọn kì í sì í gbé inú gbólóhùn kan.

Àwọn ọ̀nà tí ó gbà ń yí padà kò pọ̀. Set ló wà nídìí rẹ̀, nítorí náà kò ní -ed. Òní offset, àná offset, “it has offset”. “Offsetted” tí mo ń rí nínú iṣẹ́ ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Tí -ing bá dé, t di méjì: offsetting. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kò sí àlàfo tàbí ìlà láàárín off àti set.

Kò sì ń gba èèyàn ní ohun tí wọ́n ṣe é sí. A kì í “offset” Àlàájì tí ilé rẹ̀ wó nítorí títì. Compensate ni wọ́n ń ṣe fún èèyàn, tí wọ́n bá san án ní owó gbà-máà-bínú.

Àwọn tó jọ ọ́

Make up for ni mo fẹ́ràn jù nínú lẹ́tà sí ẹbí àti ọ̀rẹ́. “The good harvest made up for the late rain.” Òjò pẹ́ kó tó rọ̀ ní Ìsánlú-Ìsìn, àmọ́ iṣu ta. Offset á tọ̀nà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òórùn ọ́fíìsì. Ẹni tó bá ń kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ kò nílò rẹ̀.

Counterbalance sún mọ́ ọn púpọ̀, ó sì dára fún nǹkan tó ní ìwúwo gan-an, bí irin ńlá tí wọ́n ń so sẹ́yìn ẹ̀rọ agbẹ́rù kí ó má baà dojú dé. Wọ́n tún ń lò ó fún agbára àti èrò: alága ẹgbẹ́ gbóná, akọ̀wé tutù, ìwà ọ̀kan ń “counterbalance” tèkejì. Fún owó, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lo offset.

Cancel out sọ pé méjèèjì pa ara wọn rẹ́, kò sí ohun tó ṣẹ́ kù. Ẹ má lò ó tí ₦8,000 bá ṣì kù nílẹ̀. Outweigh sọ pé ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ, ó sì dára nígbà tí ẹ bá ń pinnu nǹkan: “The benefits outweigh the cost.” Wọn kì í ka owó nínú outweigh, èrò ni wọ́n ń wọ̀n.

Set off wá ńkọ́? Tí a bá kọ ọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé èèyàn gbéra ìrìn-àjò: “We set off for Ọ̀fà at six.” Ṣùgbọ́n ní báńkì àti kóòtù, set-off ni orúkọ ẹ̀tọ́ tí ẹni tí a jẹ lówó ní láti fi owó wa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yọ gbèsè tí a jẹ ẹ́. Ẹ wò ó dáadáa nínú ìwé tí ẹ ń fọwọ́ sí tí ẹ bá ń yá owó. Láti 2020 tí Báńkì Àpapọ̀ ti gbé òfin GSI (Global Standing Instruction) jáde, báńkì tó yá yín lówó lè gba gbèsè náà nínú owó yín tó wà ní báńkì mìíràn, BVN kan náà ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni set-off nínú ìwé náà, ọjọ́ tí wọ́n bá yọ owó rẹ̀ ló máa mọ ohun tó fọwọ́ sí.

Ní ti upset, ohùn nìkan ló jọ. Ohun tó bà wá nínú jẹ́, tàbí tó da ètò wa rú, ni upset.

Ibi tí offset ti ń ṣe iṣẹ́ mìíràn

Ọ̀rọ̀ náà ní àwọn ìtumọ̀ tí kò kan kí ohun kan gba agbára òmíràn rárá, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dà yín láàmú. Àwọn atẹ̀wé ìlú yìí ń pe ẹ̀rọ wọn ní offset. Ìdí rẹ̀ ni pé yíǹkì kì í lọ tààrà láti ara irin sí ara bébà, rọ́bà ló kọ́kọ́ ń gbà á, rọ́bà ló wá ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ní nǹkan bí 1904 ni ará Amẹ́ríkà kan, Ira Rubel, ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún bébà, lẹ́yìn tó ṣàkíyèsí pé ohun tó ṣèèṣì tẹ̀ láti ara rọ́bà hàn kedere ju èyí tó tẹ̀ láti ara irin lọ. Àwọn sọ̀fíyọ̀ ń lò ó fún ìwọ̀n tí wọ́n bá wọ̀n láti ìlà wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Nínú iṣẹ́ ọ̀gbìn, offset ni ọmọ tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó sì di igi tàbí ewé tirẹ̀. Ojú oró tó ń bo ojú omi báyẹn, ọ̀nà tó gbà ń tàn kálẹ̀ nìyẹn, ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Èmi fẹ́ràn ìtumọ̀ yẹn púpọ̀.

Carbon offset tí ẹ ń gbọ́ lórí rédíò padà sí ti ọ̀kadà. Iléeṣẹ́ kan ń tú èéfín sójú ọ̀run, ó wá ń sanwó kí ẹlòmíràn gbin igi tàbí kí ó dín èéfín tirẹ̀ kù níbòmíràn. Èéfín àkọ́kọ́ ṣì ń jáde. Tí wọ́n bá wá sí abúlé yín pé kí ẹ dá igi ẹmì sí nítorí rẹ̀, tí wọ́n sì fún yín ní ìwé fọwọ́ sí, ẹ béèrè ohun tó wà ní ìhà kejì òṣùwọ̀n: èéfín ta ni, ó tó báwo, ọdún mélòó ni igi yín gbọ́dọ̀ fi dúró?

Lẹ́tà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ìyá kan tó ń dín wàrà tà rán ọmọ rẹ̀ sí mi lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú lẹ́tà tí ọmọ náà bá a kọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bó ṣe kà nìyí:

“I hereby apply for a loan of ₦200,000 to offset my shop rent. I have offsetted my last loan since March. The price of firewood is high and my sales cannot offset. My dividend should be used to offset.”

Offset mẹ́rin nínú gbólóhùn mẹ́rin. Mo ní kí ọmọ náà jókòó, a fa ìlà sí àárín bébà. Owó ṣọ́ọ̀bù, sísan ni, a kọ pay. Gbèsè àná, ó ti san án tán, a kọ paid off, a sì yọ since kúrò nítorí pé March ni ó parí. Igi ìdáná dé, a dúró. Igi wọ́n, ó wà lósì. Wàrà tó ń tà ti pọ̀ sí i, ó wà lọ́tùn-ún. Mo bi í, “Ṣé èrè wàrà kò gba nǹkan kan nínú ọ̀wọ́n igi?” Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá ní ó gba díẹ̀, kò tó. Partly ni, nígbà náà. Gbólóhùn tó kẹ́yìn kò parí rárá: offset kí ni? Ìpín èrè wà níbẹ̀, ohun tí a ó fi yọ nínú rẹ̀ kò sí.

Èyí ni a tẹ̀ nígbẹ̀yìn:

“I am applying for a loan of ₦200,000 to pay my shop rent. I paid off my last loan in March. The price of firewood has gone up this year, and higher sales have only partly offset it. Please offset my dividend against the interest on the new loan.”

Ìyá náà fúnra rẹ̀ wá fọwọ́ sí i ní ìrọ̀lẹ́. Kò ka Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà mo túmọ̀ rẹ̀ fún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí ó tó tẹ̀ka. Nígbà tí mo dé gbólóhùn tó kẹ́yìn, mo ní, “Ìyá, a ní kí wọ́n fi èrè yín yọ nínú èlé.”

Ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, “Ohun tí mo ní kó kọ láti àárọ̀ nìyẹn.”